BÍ A ṢE LÈ DÁ DONAX MỌ̀ NÍPA ÌKARAHUN RẸ̀

Ẹ̀yin apẹja Ayétòrò, àti ẹ̀yin ìyá tí ń wá oúnjẹ létí omi, ẹ̀kọ́ yìí wà fún yín. Bí ọmọ bá mú ìkarahun kékeré kan wá láti etíkun, ohun méjì ni a máa ń bèèrè: Ẹran wo ni èyí? Ṣé ó ṣeé jẹ? Ìkarahun lè dáhùn ìbéèrè kìíní. Kò lè dáhùn èkejì.

Donax ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún ẹran yìí. Kò dà bí ìṣáwùrú, tí ilé rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan tí ó lọ́. Ìkarahun méjì tí ó pàdé bí àtẹ́lẹwọ́ méjì ni ó fi bo ara rẹ̀.

ÀWỌN ÀMÌ TÍ Ẹ Ó WÒ

1. Ìrísí: Ó ní igun mẹ́ta. Apá kan gùn, ó sì rọra tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Apá kejì kúrú bí ohun tí a fi ọ̀bẹ gé.

2. Góńgó orí rẹ̀: Kò sí ní àárín, ó súnmọ́ apá kúkúrú. Apá kúkúrú yìí náà ni iṣan tí ó so ìkarahun méjèèjì pọ̀ wà.

3. Etí inú: Ẹ fi èékánná gbá a. Ẹ ó rí i pé ó ní eyín wẹ́wẹ́ bí ti ayùn.

4. Ara òde: Bí apá kúkúrú bá ní ìlà tí ó le lọ́wọ́, Donax rugosus ni, ìtumọ̀ rugosus ni oníhunjọ. Donax pulchellus kéré jù ú lọ, ara rẹ̀ sì dán.

Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀, nítorí oòrùn a máa ṣá a. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ìwọ̀n nìkan, nítorí ọmọ rugosus lè tó àgbà pulchellus.

ÀWỌN TÍ Ó LÈ ṢÌ YÍN LỌ́NÀ

Tivela tripla ní igun mẹ́ta pẹ̀lú, ṣùgbọ́n góńgó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ wà ní àárín, etí inú rẹ̀ kò sì ní eyín. Senilia senilis nípọn, ó wúwo, ìlà gbọọrọ gbọọrọ sì wà lára rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Inú ẹrẹ̀ ọ̀sà ni ó ń gbé.

IBI TÍ Ó Ń GBÉ

Donax fẹ́ràn iyanrìn tí ìgbì ń na. Ibẹ̀ ni ó ti ń rì mọ́lẹ̀ kíákíá bí omi bá fà sẹ́yìn. Ẹrẹ̀ ni ó pọ̀ jù ní etíkun Ayétòrò. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìkarahun òfìfo níbẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé ẹran náà ń gbé níbẹ̀: ìgbì lè gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn, tàbí kí ó bá iyanrìn tí a kó wá dé. Ihò kékeré roboto lára rẹ̀ sì ń fi hàn pé ìgbín òkun kan ti lu ú láti jẹ ẹran inú rẹ̀.

KÍ Ẹ TÓ JẸ Ẹ́

Ẹran yìí ń sẹ́ omi òkun láti rí oúnjẹ. Ohun búburú tí ó bá wà nínú omi ń kó sí i lára. Ní oṣù Jánúárì 1998, epo rọ̀bì tí ó tú jáde ní Ìdòhò, lójú òkun Akwa Ibom, ṣàn dé etíkun Lagos. Iná lè pa kòkòrò àìsàn, ṣùgbọ́n kì í lé epo jáde.

Nítorí náà:

- Ẹ má ṣe kó o níbi tí epo, ìgbẹ́ tàbí pàǹtírí wà.
- Ẹ da èyí tí ó lanu tí kò padé nígbà tí a fọwọ́ kàn án nù.
- Ẹ rẹ ìyókù sínú omi òkun mímọ́ fún wákàtí díẹ̀, kí iyanrìn lè jáde.
- Ẹ sè é jinná dáadáa. Èyí tí kò bá lanu lórí iná, ẹ má ṣe jẹ ẹ́.
- Ẹ fi àwọn kékeré sílẹ̀ kí wọn lè bí sí i.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní àmì mẹ́rin wọ̀nyí. Kí wọn mọ orúkọ ẹran náà. Kí wọn sì wo omi kí wọn tó gbé ìkòkò kaná.