Kí Ni Owó Ẹyọ Lè Sọ fún Wa Nípa Èbúté Àgbádárìgì?

Tí ẹ bá dúró sí ibùdókọ̀ Okokomaiko láàárọ̀, ẹ ó gbọ́ tí àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ ń pariwo "Badagry! Badagry!" Ọ̀nà ọlọ́dà la mọ̀ lónìí. Kí ọ̀dà tó dé, ọ̀sà ni títì. Ọkọ̀ ojú omi ń gba orí ọ̀sà láti Èkó, á kọjá ní Ọ̀jọ́, títí dé Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́.

Ní 1727, Agaja ọba Dàhòmì ṣẹ́gun Savi, olú ìlú àwọn Xweda nítòsí Ouidah. Ọ̀pọ̀ èèyàn sá lọ síhà ìlà oòrùn, lẹ́bàá ọ̀sà. Láàárín ọdún díẹ̀ sígbà yẹn ni Àgbádárìgì di èbúté ńlá. Kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀? Èèyàn ni. Kí ni wọ́n ń gbà? Aṣọ, ìbọn, ọtí, tábà àti owó ẹyọ.

Àwọn tó ra ẹrú kọ ìwé. Àwọn tí wọ́n tà kò rí ààyè kọ ọ́. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ fi ṣe pàtàkì: ó tọ́jú ohun tí ìwé ò kọ. Àmọ́ báwo ni awalẹ̀pìtàn ṣe ń mọ ọjọ́ orí ohun tó hú jáde?

Ẹ jẹ́ ká fi náírà ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 2005 ni owó ₦1,000 jáde. Ká ní ẹ gbẹ́ kòtò ìdọ̀tí kan ní Ìba, ẹ wá rí ₦1,000 ní ìsàlẹ̀ pátápátá, tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì da ibẹ̀ rú rí. Gbogbo ìdọ̀tí tó wà lórí owó yẹn, ẹ̀yìn 2005 ni wọ́n dà á síbẹ̀. Ó tán.

Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ẹyọ. Oríṣi méjì ló wọ ilẹ̀ wa. Àkọ́kọ́ ni Monetaria moneta, tó wá láti erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà. Ọkọ̀ gbé e lọ sí Yúróòpù kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Etí rẹ̀ máa ń rí gbágungbàgun. Èkejì ni Monetaria annulus, láti agbègbè Zanzibar. Etí tirẹ̀ ń dán, ó sì ní òrùka aláwọ̀ ọsàn lẹ́yìn. Nǹkan bí 1845 ni àwọn oníṣòwò ará Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó èyí wá sí etíkun wa, nígbà tí òwò epo pupa ti ń gbilẹ̀, tí òwò ẹrú ò sì tíì tán.

Torí náà, tí annulus bá jáde nínú ìpele ilẹ̀ kan, ìpele yẹn ò lè ṣáájú ìgbà náà. Tó bá jẹ́ moneta nìkan ńkọ́? Ẹ rọra o! Àwọn èèyàn ṣì ń ná moneta lẹ́yìn 1845. A ó nílò ẹ̀rí mìíràn.

Ìkòkò tábà alámọ̀ lè jẹ́ ẹ̀rí yẹn. Ní 1954, J. C. Harrington ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí ọdún ṣe ń lọ ni ihò inú ọ̀pá ìkòkò tábà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kéré sí i: ó fẹ̀ tó mìlímítà 3.5 ní nǹkan bí 1600, àmọ́ ó ti dín sí bíi 1.6 lẹ́yìn 1750. Ọ̀pọ̀ àfọ́kù la gbọ́dọ̀ wọ̀n, ẹyọ kan ò tó.

Èdè wa gan-an tọ́jú ẹ̀rí. Ọ̀kẹ́ tí à ń pe 20,000, àpò owó ẹyọ ni.

Ẹ wò ó, láti Ọ̀jọ́ dé Àgbádárìgì, ojoojúmọ́ là ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Tí ẹ bá rí owó ẹyọ, àfọ́kù ìkòkò tàbí ìlẹ̀kẹ̀ nínú ilẹ̀, ẹ má kàn kó o sápò. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà, ẹ kọ bó ṣe jìn tó, kí ẹ sì fi tó àjọ musíọ́mù ìjọba àpapọ̀, NCMM, létí. Òfin 1979 tó dá àjọ náà sílẹ̀ ló ní ká sọ fún wọn. Tí a bá ti hú u kúrò láìkọ ibi tó wà, ó di ìkarahun lásán. Ìtàn ẹni tó ná an, àti ti ẹni tí wọ́n fi rà, ti lọ nìyẹn.