Ẹ Bi Wáyà Léèrè Kí Ẹ Tó Fà Á Sínú Ilé

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ iná, mo ń rí yín lọ́jà. Ẹ óò fi ọ̀bẹ họ orí wáyà, ẹ óò rí i pé ó pọ́n, ẹ óò sì sanwó. Ṣé ẹ ò mọ̀ pé alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò náà máa ń pọ́n? Mítà ni kí ẹ bi.

Ẹ so odindi rólù kan mọ́ bátìrì ọkọ̀, kí gílóòbù iwájú ọkọ̀ wà lójú ọ̀nà iná náà. Láìsí gílóòbù, fíúsì mítà yín á jó. Ẹ ka ámpíà tó ń kọjá, kí ẹ sì ka fóltì láàárín orí wáyà méjèèjì. Ara wáyà gan-an ni kí ẹ ti ẹnu mítà sí, kì í ṣe ara kílíìpù. Kílíìpù tí kò di wáyà mú dáadáa máa ń jẹ fóltì tirẹ̀, ẹ óò wá máa di ẹ̀bi ru wáyà.

Ká ní ẹ rí fóltì 2.86 àti ámpíà 4. Ẹ fi 4 pín 2.86: ìdènà rólù náà jẹ́ óòmù 0.715. Ọ̀pọ̀ yín á dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdènà lásán kò lè sọ bóyá wáyà tín-ín-rín ni, tàbí ohun tí wọ́n fi ṣe é ni kò dáa. Ẹ fi ìwọ̀n ojú gígé rẹ̀, sìkúwéá mìlímítà 2.5, sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi gígùn rẹ̀, mítà 100, pín in. 0.0179 ló máa jáde, ìdènà àdámọ́ bàbà nìyẹn. Ìwé lè kọ 0.0172 fún yín, ṣùgbọ́n ní 20 digírì ni. Ní 30 digírì tiwa, ó máa ń fi bí ìdá 4 nínú 100 lé. Ẹ má torí ìyẹn bá oníṣòwò jà. Bí fóltì bá jẹ́ 4.56, tí 0.0285 sì jáde, alumíníọ̀mù lẹ fẹ́ rà.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni bàbà gidi tí wọ́n fín tín-ín-rín. Wọ́n kọ 2.5 sára rọ́bà, àmọ́ ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1.6 dípò 1.78, ojú gígé rẹ̀ kò sì ju 2.01 lọ. Ẹni tó bá gba ohun tí wọ́n kọ gbọ́ á ṣírò, á rí 0.022, á máa fẹ̀sùn kan bàbà tí kò ṣẹ̀. Ẹ bọ́ rọ́bà, ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín.

Ẹ wọn gígùn náà. Rólù tí kò pé mítà 100 máa ń ní ìdènà kékeré, á sì bo wáyà burúkú láṣìírí. Bí oníṣòwò bá ń ṣàròyé pé ẹ tú u ká, ẹ lọ sí ìsọ̀ mìíràn.