Àwòrán Ni Yóò Sọ̀rọ̀

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ayàwòrán ìwé bá pàtẹ iṣẹ́ ìkẹyìn rẹ̀ fún oyè, àwòrán ni yóò sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Bruce Onobrakpeya, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria, ya àwòrán sínú ìtumọ̀ Ògbójú Ọdẹ Fágúnwà tí Wọlé Ṣóyínká ṣe, tí ó jáde ní 1968. Kò bá ìwé náà kiri láti ṣe àlàyé. Nítorí náà, kí a ka ìtàn ní àkàyé, kí a sì yọ àwòrán tí kò bá ràn án lọ́wọ́ kúrò, bí ó tilẹ̀ lẹ́wà. Kí a fi èyí tí ó kù han ọmọdé tí kò gbọ́ ìtàn náà rí. Bí ó bá mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ pé. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí a tún un yà.