Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Ẹgbẹ́ Tó Fi Ilé Yáni: Owó Ilé àti Owó Ìtọ́jú ní Lẹ́kkí àti Ajáh

Púpọ̀ nínú wa ló fi owó tí a yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kọ́ ilé sí Ajáh, Bádòrẹ̀ tàbí Sangótẹ̀dó. Oṣooṣù ni à ń dá owó náà padà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ayálégbé ń sanwó. Ìdí nìyí tí ojú onílé fi ń wọ owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Òfin ìyálégbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 kò fàyè gba èyí. Owó ọdún kan ni ó pọ̀ jù tí a lè gbà lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, àti lọ́wọ́ ẹni tó ti ń gbé ilé lọ́dọọdún. Ẹni tó bá rú u yóò san ìtanràn ₦100,000 tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Àwọn kan ń tan ara wọn pé kò kan Lẹ́kkí. Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island ni òfin náà yọ sílẹ̀. Kò yọ Lẹ́kkí, kò yọ Ajáh, bó ti wù kí owó ilé ibẹ̀ wọ́n tó. Ọjọ́ tí owó bá wọlé ni kí ẹ pín in sọ́nà méjìlá, kí ẹ sì ya ti ẹgbẹ́ sọ́tọ̀.

Owó ìtọ́jú ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, ọ̀sà níhìn-ín, òkun lọ́hùn-ún. Omi kànga a máa pọ́n bí irin tó dógùn-ún, a ó sì ra ẹ̀rọ tí yóò sẹ́ ẹ. Gọ́tà ń fẹ́ kíkó, jẹnẹrétọ̀ ń mu dísù, ẹni tó ń ṣọ́ géètì ń gbowó oṣù. Onílé ná owó náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kọ ọ́ sílẹ̀, ayálégbé sì gbà pé ó kó o jẹ ni. Òfin 2011 ní kí rìsíìtì owó ìtọ́jú dá yàtọ̀ sí ti owó ilé, kí ayálégbé sì rí ìṣirò rẹ̀ gbà ní kíkọ, ó kéré tán lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ìwé kékeré kan tó: ọjọ́, ohun tí a rà, iye rẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣooṣù.

Bí ayálégbé bá jẹ gbèsè, ẹ má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹ má sì ṣí páànù orí rẹ̀. Ìtanràn èyí tó ₦250,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Bí ìwé àdéhùn kò bá sọ iye àkókò, nóòtì oṣù mẹ́fà ni ti ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún. Lẹ́yìn náà nóòtì ọjọ́ méje, kí a tó dé kóòtù.

Ní 2025, àbá òfin ìyálégbé tuntun dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ nóòtì èyíkéyìí, ẹ mú ìwé àdéhùn yín tọ agbẹjọ́rò lọ, kí ó fi wé òfin tó wà lóde lọ́jọ́ náà.