Títọpa Orúkọ Nínú Ètò Kọ̀ǹpútà tí A Fi Àpótí Kọ

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ gbé ka iwájú yín yìí kì í ṣe èyí tí a kà nínú ìwé nìkan. Ó ná wa ní òru méjì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ná wa ní ọ̀rẹ́ kan pẹ̀lú. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó tọ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa má baà jìn sí kòtò kan náà.

Ohun tí a ń pè ní ìsopọ̀ olórúkọ

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Èkíní ni kí a kọ ọ̀rọ̀ ní ìlà-ìlà, bí ẹni ń kọ lẹ́tà. Èkejì ni kí a to àpótí kéékèèké sí ojú kọ̀ǹpútà, kí a sì fi okùn so wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn. Àpótí kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Okùn ni ó ń gbé iṣẹ́ tí a rán láti ọ̀dọ̀ èyí dé ọ̀dọ̀ ìyẹn. Lára irú ètò bẹ́ẹ̀ ni Pure Data, tí Miller Puckette dá sílẹ̀ ní 1996 fún iṣẹ́ orin, tí ẹnikẹ́ni sì lè gbà láìsan owó. Ṣáájú èyí, ọkùnrin náà ti ṣe Max ní ilé ìwádìí IRCAM ní ìlú Paris, ní àwọn ọdún 1980 sí 1989. Orúkọ Max Mathews, ẹni tí ó mú kọ̀ǹpútà kọ orin ní Amẹ́ríkà ní 1957, ni a fi sọ Max. Pure Data ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín, nítorí òun ni àwa lò.

Nígbà tí àpótí bá jẹ́ mẹ́wàá tàbí ogún, okùn tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá di ọ̀ọ́dúnrún, okùn a máa lọ́ mọ́ra bí ìtàkùn inú igbó, ẹni tí ó ṣe é pàápàá kì yóò sì mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí. Nítorí èyí ni a fi ní àpótí méjì tí a ń pè ní send àti receive. Bí a bá kọ “send ìlù” sí ibì kan, tí a sì kọ “receive ìlù” sí ibòmíràn, ohunkóhun tí ó bá wọ inú ti ìṣáájú yóò jáde láti inú ti ìkẹyìn láìsí okùn kankan láàárín wọn, ìbáà jẹ́ pé fèrèsé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Orúkọ ni okùn wọn.

Ìrọ̀rùn ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ kò kéré. Okùn tí kò dé ibi tí a fẹ́, ojú rí i. Orúkọ tí kò bára mu, ojú lè má rí i. Bí send bá ń pe orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́, Pure Data kì yóò wí nǹkan kan. Iṣẹ́ tí a rán náà yóò ṣègbé ni. Àwọn àpótí tí ń gbé ìró fúnra rẹ̀ sàn díẹ̀, nítorí pé bí receive~ kò bá rí send~ tirẹ̀, yóò fi ẹ̀sùn sun nínú fèrèsé ìròyìn nígbà tí a bá tan ìró. Ṣùgbọ́n send àti receive lásán kì í fọhùn.

Bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa

Ní ọdún tí ó kọjá, àwa mẹ́rin gbà láti ṣe ètò orin fún àjọ̀dún ìparí ọdún. Ẹnì kan ṣe ìlù, ẹnì kan ṣe agogo, ẹnì kan ṣe ariwo ìlú tí yóò máa dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lẹ́yìn orin, ẹnì kẹrin sì ṣe fèrèsé ìdarí tí yóò máa pàṣẹ fún àwọn yòókù. Ní ọjọ́ tí a pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìlù dún, ariwo ìlú dún, ṣùgbọ́n agogo kò dún.

Àwa mẹ́ta kọjú sí ẹni tí ó ṣe agogo. Ó fi hàn wá pé nígbà tí ó bá tẹ bọ́tìnnì tirẹ̀, agogo ń dún dáadáa. A kò gbọ́. A ní kí ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe, kò dún. Ní òru kejì, ọ̀kan nínú wa sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ, pé ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ba ti àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jẹ́. Ọ̀rẹ́ wa dìde, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a jókòó ti agogo tí kò sí ẹni tí yóò lù ú.

Nígbà tí inú wa rọ̀ díẹ̀ ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí wádìí bí ó ti yẹ kí a ṣe láti àárọ̀. Orúkọ tí fèrèsé ìdarí fi ń pe agogo ni “ìbẹ̀rẹ̀-agogo.” A so àpótí print mọ́ ibi tí iṣẹ́ ti ń wọ inú send: ó kọ ọ́ jáde. A so òmíràn mọ́ ẹ̀yìn receive: kò kọ ohunkóhun. Nítorí náà ìpè jáde, ṣùgbọ́n kò dé etí ẹni tí a pè. A da orúkọ náà kọ láti inú send, a sì fi Find wá a nínú gbogbo ètò náà. Find rí send nìkan. Kò rí receive, bẹ́ẹ̀ ni ó wà níwájú wa, tí a sì ń kà á pẹ̀lú ojú wa: ìbẹ̀rẹ̀-agogo.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀, nítorí ó kan gbogbo ẹni tí ń kọ èdè wa. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ni ó ń fi pa wọ́n mọ́. Lẹ́tà ẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀. A lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ tí ó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí a wá fi àmì ohùn lé e: báìtì márùn-ún ni èyí gbà. A sì lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí è tí ó ti ní àmì ohùn tẹ́lẹ̀, kí a wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i: báìtì mẹ́rin ni ìyẹn gbà. Ọ̀nà kẹta ni kí a kọ e lásán, kí a tò àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú Pure Data, orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àtẹ ìkọ̀wé ẹni tí ó ṣe ìdarí ń kọ ọ́ lọ́nà kan, ti ẹni tí ó ṣe agogo sì ń kọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. A pa orúkọ inú receive rẹ́, a fi èyí tí a dà kọ láti inú send sí i, agogo dún.

Àtúnṣe tí ó burú ju àṣìṣe lọ

Ọ̀kan nínú wa sọ pé ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí a má ṣe fi àmì sí orúkọ mọ́. Ó yọ gbogbo àmì kúrò nínú gbogbo orúkọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí a tan ètò náà, bí ìdarí ti pe ìlù ni ariwo ìlú bú jáde pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ti mọ ìdí rẹ̀: nígbà tí a ti bọ́ àmì lára wọn, “ìlù” àti “ìlú” ti di “ilu” kan ṣoṣo, àwọn méjèèjì sì ń dáhùn ìpè kan náà.

Láti inú èyí ni a ti rí i pé oríṣi àṣìṣe méjì ni ó wà nínú ìsopọ̀ olórúkọ. Èkíní ni orúkọ kan tí ó di méjì: ìdákẹ́jẹ́ ni àmì rẹ̀. Èkejì ni orúkọ méjì tí ó di ọ̀kan: ìdáhùn tí a kò pè ni àmì rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi èkejì wo èkíní sàn kò wo ó sàn rárá. A dá àmì ohùn padà, a sì gbà láàárín ara wa pé ẹnikẹ́ni kò ní fi ọwọ́ tẹ orúkọ lẹ́ẹ̀mejì mọ́: ẹ̀ẹ̀kan ni a ó kọ ọ́, lẹ́yìn náà dídà kọ ni.

Ọ̀nà tí a ń gbà tọpa orúkọ

Èkíní. Ẹ ní ìwé orúkọ, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ti ní ìwé orúkọ kíláàsì rẹ̀. Kí ó ní òpó mẹ́rin: orúkọ; ẹni tí ń pè; ẹni tí ń jẹ́; ohun tí a ń rán. Ẹ kọ ọ́ ní ọjọ́ tí a bí orúkọ náà, kì í ṣe ọjọ́ tí wàhálà dé.

Èkejì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àìdáa ti hàn, kí ẹ sì máa padà sẹ́yìn. Ẹ so print mọ́ ẹ̀yìn receive, àti sí ibi tí iṣẹ́ ti ń wọ send. Bí iṣẹ́ bá wọ send tí kò jáde ní receive, orúkọ ni kí ẹ wò. Bí kò bá tilẹ̀ wọ send, orúkọ kò jẹ̀bi. Ẹ máa lọ sókè sí i.

Ẹ̀kẹta. Ẹ fi orúkọ tí ẹ dà kọ wá inú ètò náà, kí ẹ sì ka iye ibi tí Find rí. Kí iye náà bá ti inú ìwé orúkọ mu. Bí ó bá dín, orúkọ kan ti di méjì. Bí ó bá lé, ẹnì kan ti ya orúkọ ẹlòmíràn lò.

Ẹ̀kẹrin. Ẹ rántí pé orúkọ ní ibi ìfarapamọ́. Bọ́tìnnì àti àpótí nọ́ńbà lè ní orúkọ tí wọ́n fi ń pè àti èyí tí wọ́n ń jẹ́ nínú Properties wọn, láìhàn lójú fèrèsé. Àpótí ìṣẹ́ni náà lè fi àmì ; pe orúkọ tààrà. Ṣùgbọ́n òun, bí kò bá rí ẹni tí ń jẹ́ ẹ, yóò kọ “no such object” sí fèrèsé ìròyìn. Nítorí pé ọ̀rọ̀ lásán ni fáìlì Pure Data, a lè fi ètò ìkọ̀wé èyíkéyìí ṣí i, kí a sì rí gbogbo orúkọ tí a ti pa mọ́ sínú rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún. Ẹ ya orúkọ ilé sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ ìta. Bí a bá lo fáìlì kan náà lẹ́ẹ̀mejì fún agogo méjì, tí “receive lù” wà nínú rẹ̀, agogo méjèèjì ni yóò dún nígbà tí a bá pe ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí Táíwò méjì nínú kíláàsì kan ti ń dìde pọ̀. “$0-lù” ni kí a kọ. Pure Data yóò fi nọ́ńbà kan rọ́pò $0 nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà náà kì í sì í bá ti ẹ̀dà mìíràn mu. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: nínú àpótí ìṣẹ́ni, $0 kì í ṣiṣẹ́ yìí, òdo ni ó ń dà níbẹ̀.

Bí a ṣe lè fi kọ́ àwọn ọmọdé

Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Scratch, tí a gbé jáde láti MIT ní Amẹ́ríkà ní 2007, ni ó yẹ jù. Nínú rẹ̀, búlọ́ọ̀kù kan ń kéde orúkọ, àwọn mìíràn sì ń dúró de orúkọ náà. Àkọsílẹ̀ ni a ti ń yan orúkọ, nítorí náà àṣìtẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá fi orúkọ àtètèbá “message1” sílẹ̀, tí ó tún dá “message2” àti “message3,” yóò sọnù sínú iṣẹ́ ara rẹ̀. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Iṣẹ́ tí ìkéde fẹ́ ṣe ni kí a wò kí a tó sọ ọ́ lórúkọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá, ẹ mú ọmọ mẹ́fà jáde. Ẹ fún wọn ní okùn láti di mú ní méjì-méjì, kí èyí tí a bá fa okùn rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ẹ gba okùn, kí ẹ sì fún wọn ní orúkọ. Ẹ ṣi ohùn ọ̀kan pè nínú àwọn orúkọ náà, kí kíláàsì sì sọ ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi pàtẹ́wọ́.

Ìparí

A lọ bẹ ọ̀rẹ́ wa ní ilé. Ó gbà, ó sì padà wá, òun ni ó tan agogo fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ àjọ̀dún. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ kò kúrò lọ́kàn wa: ó ní òun ì bá ti dáhùn, bí ẹnikẹ́ni bá pe òun. Olùkọ́ ni àwa yóò jẹ́, ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò sì dákẹ́ níwájú wa. Kí a tó pè wọ́n ní olóríkunkun, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá ìpè wa dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìbéèrè fún ìdánrawò

1. Kí ni ìdí tí àṣìṣe inú send fi ṣòro láti rí ju okùn tí a so sí ibi tí kò yẹ lọ?
2. Agogo mẹ́ta dún nígbà tí a pe ọ̀kan. Èwo nínú oríṣi àṣìṣe méjèèjì ni èyí, kí sì ni àtúnṣe rẹ̀?
3. Ẹ kọ ìwé orúkọ olópòó mẹ́rin fún ètò tí ó ní ìlù méjì, agogo kan àti fèrèsé ìdarí kan.