Òtítọ́ Níbi Tí Ẹnìkan Kò Ti Rí Wa



Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní ilé ìtajà a máa sáré jáde ní òwúrọ̀, kí ọ̀gá má baà bá a wí. Ológbò rẹ̀ ń ké nílé. Àwo omi rẹ̀ ti gbẹ. Ta ni ológbò yóò fi ẹjọ́ sùn? Ní ilé ìtajà, ìyá arúgbó tí kò ríran dáadáa na ọwọ́ gba ṣéńjì. Bí a bá yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, òun náà kò ní í mọ̀. Ìdánwò kan náà ni méjèèjì.

Ìwé Òwe kọ́ wa ní orí 11 pé Ọlọ́run kórìíra òṣùwọ̀n èké. Ní orí 12, pé olódodo a máa tọ́jú ẹran ọ̀sìn rẹ̀. Katekísímù tí Póòpù Jòhánù Páúlù Kejì fi lélẹ̀ ní 1992 kìlọ̀, ní ìpín 2418, pé kò yẹ ọmọ ènìyàn láti fìyà jẹ ẹranko láìnídìí. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fún ẹranko ní ìfẹ́ tí ó tọ́ sí ènìyàn nìkan.

Nítorí náà, ẹ bu omi àti oúnjẹ fún ológbò kí ẹ tó jáde. Ẹ sì ka ṣéńjì lé oníbàárà lọ́wọ́ pé pérépéré. Ọ̀gá lè má sí níbẹ̀. Ọlọ́run wà níbẹ̀.