Yíya Àwòrán Ilé Lórí Kọ̀ǹpútà: Ọgbọ́n Tí Ó Ń Mú Iṣẹ́ Yá

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹni tí ó bá gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá ní Ibafo àti Mowe, tí ó sì yà sí Ọ̀fàdà, yóò rí i pé ilẹ̀ tí a fi ń dáko níjọ́sí ń di ilé. Kí bíríkìlà tó gbé búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ kalẹ̀, ẹnì kan ti ní láti ya àwòrán ilé náà. Owó tí ìdílé kan fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ wà lórí ìlà tí ẹni náà bá fà. Ìdí nìyí tí a fi yan ẹ̀kọ́ yìí fún ìwé àjọ̀dún ilé ẹ̀kọ́ wa.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́ láyé. Ìwé Kíróníkà Kìíní, orí 28, fi yé wa pé Dáfídì fi àwòrán tẹ́ḿpìlì lé Sólómónì lọ́wọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ti kọ̀ǹpútà ni kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ní 1963 ni Ivan Sutherland ṣe Sketchpad ní MIT, ní Amẹ́ríkà. AutoCAD, tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, jáde ní 1982. Ẹni tí ó bá mọ T-square lò dáadáa ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí.

1. Ẹ kọ́kọ́ yan ìwọ̀n. Ẹ tẹ UNITS, kí ẹ sì yan mìlímítà kí ẹ tó fa ìlà kankan. Ìyẹ̀wù tí ó jẹ́ 3600 mìlímítà súnmọ́ ẹsẹ̀ bàtà 12. Bí kọ̀ǹpútà bá ka 3600 náà sí íǹṣì, ó di ẹsẹ̀ bàtà 300. Ẹ ya ohun gbogbo ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Ọjọ́ ìtẹ̀jáde ni a ń sọ ọ́ di kékeré.

2. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí máòsì, ti òsì wà lórí bọ́tìnnì. Ẹni tí ó ń wá àmì kiri lójú kọ̀ǹpútà ń fi àkókò ṣòfò. L ń fa ìlà, REC ń ya igun mẹ́rin, CO ń ṣe ẹ̀dà, TR ń gé ìlà tí ó yọ jù, U sì ń dá wa padà sí ẹ̀yìn. F8 ń jẹ́ kí ìlà tọ́ gbọnrangandan. F3 ń jẹ́ kí ó so mọ́ orí ìlà kejì gẹ́lẹ́. Ojú nìkan kò tó láti so ìlà méjì pọ̀: àlàfo tí a kò rí yóò ba ìṣirò jẹ́.

3. Ẹ má ṣe ya ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi REC ya inú ìyẹ̀wù, 3600 sí 3600. Ẹ tẹ O, ẹ kọ 225, tí í ṣe ìbú búlọ́ọ̀kù onííǹṣì mẹ́sàn-án, kí ẹ sì tẹ ìta rẹ̀. Ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dúró, ìta wọn sì jẹ́ 4050. Ní ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ ya ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi BLOCK sọ ọ́ lórúkọ. Bí onílé bá fẹ́ pààrọ̀ ìrísí ilẹ̀kùn, ẹ tún ọ̀kan ṣe, gbogbo ìyókù yóò tẹ̀ lé e.

4. Ẹ pín iṣẹ́ sí ipele. LAYER ni a fi ń ya ògiri, ilẹ̀kùn, iná àti ìwọ̀n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí bíríkìlà bá ń wo àwòrán, a ó pa ipele iná. Nígbà tí oníṣẹ́ iná bá dé, a ó tan án. Oníkálukú yóò rí iṣẹ́ tirẹ̀ láìsí ìdàrúdàpọ̀.

5. Ẹ tètè máa tọ́jú iṣẹ́. Ní agbègbè wa, iná ìjọba kì í dágbére kí ó tó lọ. Ẹ tẹ Ctrl àti S pọ̀ nígbà gbogbo, kí ẹ sì fi SAVETIME sí ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí fáìlì bá bàjẹ́, ẹ wá èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .bak, kí ẹ yí i sí .dwg, ẹ̀dà tí ó ṣáájú yóò ṣí. Ẹ fi ẹ̀dà mìíràn sínú fláàṣì.

6. Ẹ ṣírò bébà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Pùlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 jẹ́ nǹkan bí mítà 18.3 sí 36.6. Ní 1:100, yóò gba 183 sí 366 mìlímítà, bébà A3 sì gbà á. Ní 1:50, A1 ni yóò gbà á. Ẹ má ṣe yan “Fit to paper”, nítorí yóò sọ ìwọ̀n yín di irọ́.

Àwọn àgbà ní bí iṣẹ́ kò bá pẹ́ ni, a kì í pẹ́ iṣẹ́. Àkókò tí ọgbọ́n wọ̀nyí bá fi sílẹ̀ ni kí ẹ fi yẹ àwòrán wò lẹ́ẹ̀kejì, nítorí lórí bébà ni àṣìṣe ti rọrùn láti pa rẹ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ ya ìyẹ̀wù 3600 sí 3000, pẹ̀lú ògiri 225, ilẹ̀kùn 900 kan àti fèrèsé 1200 kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1:50, kí ẹ sì fi rúlà wọn ìta apá tí ó gùn jù. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 81. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ padà sí kókó kìíní àti ìkẹfà.